Ohùn Kúbúrátù àti Ẹni Mẹ́fà Ara Ògiri

Àtìní, 14 oṣù Kẹrin

Jọ́ọ̀jì ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin tó fẹ́ máa kọ́ ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ sísọ láti inú fóònù ló ní a gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: ohun tó sọ, ohun tó fẹ́ sọ tí kò lè sọ, bó ṣe jẹun, bó ṣe sùn. Mo ní ọmọ àgbẹ̀ ni mí, oko ni bàbá mi rán mi lọ, kò rán mi níléèwé. Ó ní kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Ayálégbé mi ni Jọ́ọ̀jì, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òdogbolú, kò sì níṣẹ́ kan mọ́ ju kó máa ka ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́, ó ń fajú ro.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Kúbúrátù ìyàwó mi ṣubú nínú ààwẹ̀, nídìí agbada gàrí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e díẹ̀díẹ̀. Apá ọ̀tún ṣì wúwo. Ọ̀rọ̀ ni kò tíì padà. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ebi ń pa ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o ti yó? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n gbé ọ sílẹ̀ ni àbí kí n gbé ọ dìde? Bẹ́ẹ̀ ni.

Zakariyah, àkọ́bí wa tó wà l'Ékòó, ló wá ọmọbìnrin náà rí, òun náà ló ń sanwó rẹ̀. Ó sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí kò bá sí àyípadà títí Iléyá yóò fi kọjá, òun ń bọ̀ wá gbé ìyá òun lọ sí Èkó. Mo ní kò sí ẹni tó máa gbé ìyàwó mi kúrò nílé mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò lè dá tọ́jú wọn." Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Jọ́ọ̀jì ló bá mi pa á, nítorí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Àtàláátà, 15 oṣù Kẹrin

Ẹ̀kọ́ kìíní. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọ pálọ̀, ògiri tí bàbá mi mọ ti nípọn jù. A gbé Kúbúrátù lọ sí yàrá Jọ́ọ̀jì tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ló ti ń wọlé.

Jẹ́síkà lorúkọ olùkọ́ náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, Ìbàdàn ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ kéré, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ṣì ń rán an níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí wa nínú fóònù; a rí i tí orí rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó tún gòkè. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ó gbé ṣíbí sókè. "Ìyá, kí lèyí?"

Kúbúrátù tẹjú mọ́ ṣíbí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo ní, "Ṣíbí ni!"

"Bàbá, Ìyá ni mo bi léèrè o."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. Mo dúró. Mo dúró títí. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ni, Kúbúrátù! Kọ́kọ́rọ́!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa ka ení dé ẹ̀wá nínú yín kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn."

Mo kà á dé ẹ̀rin. Ẹni tó ń rì sómi, ta ní máa ń dúró ka ení èjì lé e lórí?

Àlàmísì, 17 oṣù Kẹrin

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo jókòó sábẹ́ fèrèsé. Jẹ́síkà béèrè ohun tí a fi ń gbálẹ̀, mo sì dáhùn láti ìta. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní oko?"

Mo ní, "Báwo ni mi ò ṣe ní í ní oko?"

"Ṣé ó jìnnà?"

"Bí mo bá gun ọ̀kadà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá ń kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ máa lọ sóko."

Jọ́ọ̀jì fi ìwé bo ẹnu. Mo lọ sóko. Ẹni tí mo ti fẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọmọ inú fóònù lé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sátidé, 19 oṣù Kẹrin

A ò kọ nǹkan kan lánàá, Jọ́ọ̀jì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí Ọdún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ṣì ń jà nínú mi.

Mo kírun àárọ̀ tán, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Kúbúrátù jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka Fátíà. Ó kà á já, ọ̀rọ̀ kan kò jìn sí kòtò, ó sì ṣe àmín sí i. Mo fò dìde. Mo ní, "Háà! O lè sọ̀rọ̀! Ó yá, sọ pé kí n bu omi fún ọ."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Sọ pé omi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé èmi ló ń bá ṣe eré yìí, ṣé Ọlọ́run nìkan ló kù tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jáde sẹ́yìn ilé.

Nígbà tí Jọ́ọ̀jì dé, mo ní kó pe Jẹ́síkà. Ọmọ náà kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹnu ti mọ̀ láti kékeré, bí àdúrà, bí ení èjì, ojú ọ̀nà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìyẹn kò bàjẹ́. Ọ̀nà tí èèyàn fi ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ló dí. Wọn ò kọ̀ láti bá yín sọ̀rọ̀. Wọn ò rọ́nà ni."

Èyí yé mi. Igi ńlá máa ń wó dí ọ̀nà oko, kì í ṣe pé oko kúrò níbẹ̀. Èèyàn a máa la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ọ̀nà mìíràn yóò fi là. Mo wọlé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Jọ́ọ̀jì, fi lẹ́tà kékeré kọ ìyẹn.

Àlàrúbà, 23 oṣù Kẹrin

Òjò ọjọ́ méjì. Ìjì wó nǹkan kan níbìkan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì kú pátápátá. Ẹ̀kọ́ àná fò wá, Jẹ́síkà sún un sí òní. Mi ò lè jókòó wò ó kí tòní náà fò. Mo bẹ oníkẹ̀kẹ́, a gbé Kúbúrátù lọ sí Ìjagun, sí tòsí yunifásítì, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru. A jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ya ẹ̀dà ìwé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni àlọ àti àbọ̀. Lọ́dún tó kọjá, iye yẹn ń gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Igbó.

Àwọn ọmọ náà ń wò wá. Kúbúrátù fa ìborùn bojú. Àárín ẹ̀kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, Jẹ́síkà dúró gbagidi sínú fóònù, ẹnu rẹ̀ là, ojú kan dé, ojú kan là. Kúbúrátù wò ó, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti inú ààwẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ti mówó dé.

Àlàmísì, 24 oṣù Kẹrin

Ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti hù. Mi ò ráyè wò ó dáadáa.

Àtàláátà, 29 oṣù Kẹrin

Omi!

Jẹ́síkà kọ́ ọ pé kó má tíì sọ ọ̀rọ̀ náà, kó kọ́kọ́ kùn ún bí orin, kí Jọ́ọ̀jì sì máa fi ọwọ́ lu tábìlì bí ohùn náà ṣe ń lọ. Wọ́n ti ń kùn ún láti ọjọ́ Àìkú bí oyin. Lónìí mo ti oko dé, mo ń bọ́ bàtà, mo gbọ́ láti inú yàrá: "O-mi." Kò ṣe kedere, etí rẹ̀ ya bí aṣọ, ṣùgbọ́n omi ni. Mo bu ife kan, ó mu ún. Mo tún bu ife kejì. Ó gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Mo tún bu ẹ̀kẹta síbẹ̀, bóyá yóò tún béèrè.

Sátidé, 3 oṣù Karùn-ún

Jẹ́síkà ní òun fẹ́ dán an wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí Zakariyah ti ń béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Nǹkan ilé mẹ́wàá, àti àwòrán àwọn ará ilé tó mọ̀ dunjú, pẹ̀lú orúkọ wọn. Mo ní kò sí wàhálà. Mo mú Jọ́ọ̀jì lọ sí pálọ̀, mo na ọwọ́ sí àwòrán ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi fóònù ya wọ́n: bàbá mi, ìyá mi, àbúrò bàbá mi tó wọ kọ́óòtù, àbúrò mi Zayd, àbúrò mi obìnrin Azeemah, àti èmi, lọ́jọ́ tí mo ra ọ̀kadà. Ẹni mẹ́fà. Mo pe orúkọ kọ̀ọ̀kan fún Jọ́ọ̀jì, ó sì kọ wọ́n sábẹ́ àwòrán. Kò sí ọjọ́ tí Kúbúrátù kì í rí wọn.

Àtàláátà, 6 oṣù Karùn-ún

Nǹkan ilé: méje nínú mẹ́wàá. Ará ilé: òdo nínú mẹ́fà.

Mo ní kí Jọ́ọ̀jì tún un kà. Ó ní, "Bàbá, òdo ni. Ṣùgbọ́n mo kọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí—"

Mo ní kó pa ìwé náà dé. Kí ni mo fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Zakariyah ti gbọ́. Jẹ́síkà ní láti sọ fún un, òun ló gbà á síṣẹ́. Zakariyah ní, "Bàbá, wọ́n mọ ṣíbí, wọn ò mọ èèyàn. Wọn ò mọ Bàbá àgbà. Wọn ò mọ ẹ̀yin alára. Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní ilé tí wọn ò ti mọ ẹnikẹ́ni?"

Mo ní kó lọ tọ́jú ilé tirẹ̀.

Àlàrúbà, 7 oṣù Karùn-ún

Mo lé gbogbo èèyàn síta, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní, "Kúbúrátù. Ta ni mí?"

Ó wò mí.

Mo ní, "Kí lorúkọ mi?"

Ó sọ ojú sílẹ̀. Mo ka ení dé ẹ̀wá bí ọmọ yẹn ṣe wí. Mo tún un kà. Ó fa gèlè rẹ̀ síwájú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú, ó yí ara sí ògiri.

Ó mọ ṣíbí.

Àlàmísì, 8 oṣù Karùn-ún

Mo tètè lọ sóko, mo pẹ́ bọ̀.

Jímọ̀, 16 oṣù Karùn-ún

Mo ro ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀ títí òòrùn fi wọ àtàrí, mo sì gé ẹ̀gẹ́ mẹ́rin mọ́ koríko. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láti kékeré. Ara mi kò gba ijókòó, kò gba ìdúró. Bí mo bá wà lóko, ilé ni mò ń rò. Bí mo bá délé, mi ò fẹ́ kó wò mí, kí n má baà rí i pé àlejò ló ń wò.

Òjò ti dára lọ́dún yìí. Gàrí ti wálẹ̀ lọ́jà, àwọn tó ń rà ń yọ̀, àwa tó ń gbìn ń wòye.

Mo sọ fún Jọ́ọ̀jì pé bóyá òótọ́ ni Zakariyah ń sọ. Ó gbé bírò sókè, ó ní, "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà, Bàbá?" Mo ní rárá. Lẹ́yìn náà mo ní kó kọ ọ́.

Àtàláátà, 20 oṣù Karùn-ún

Kí Jọ́ọ̀jì kọ tòní dáadáa, kí ó má yọ nǹkan kan kúrò, títí kan èyí tó kan òun náà.

Òjò lé mi kúrò lóko kí ẹ̀kọ́ tó parí. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti yàrá Jọ́ọ̀jì. Mọ́ṣádé, ìyàwó Zayd, ló ti Òdogbolú wá kí wa, ó gbé ẹ̀bìrìpò wá, kókò rírin tí a sè nínú ewé, ó sì ti bá wọn jókòó sí ẹ̀kọ́. Bí ó ti rí mi, ó kúnlẹ̀, ẹ̀rín ṣì ń mú un.

"Baálé, ẹ kú oko o. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn alákọ̀wé ń ṣe nínú ilé yín. Bọ̀dá Jọ́ọ̀jì, ẹ tún un kà."

Jọ́ọ̀jì ṣí ìwé sí ojú ewé ọjọ́ kẹfà, èyí tí mo ní kó pa dé. Ó kà á: "Àwòrán Zayd. Ìyá ní 'akọ̀wé.' Kò gbà á."

Mọ́ṣádé na ọwọ́ sí i. "Ta ni kò gbà á? Ọkọ mi ni Akọ̀wé! Nígbà tí ìyáálé mi wọ ilé yìí, ọkọ mi nìkan ló ń gbé síléètì kiri nínú ilé. Akọ̀wé ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é dòní olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ táyà ló ń tà. Ẹ ka èyí tó kù."

"Azeemah. Ìyá ní 'ìlẹ̀kẹ̀.'"

"Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀!"

"Àbúrò bàbá. Ìyá ní 'eyín.'"

"Eyín-mẹ́nu-gún! Kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, ẹ ò rí eyín náà nínú àwòrán ni? Ẹ̀yin fẹ́ kí ìyàwó ilé na ọwọ́ sí bàbá ọkọ rẹ̀ kó ní Bùráímọ̀? Kó na ọwọ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní Ràbíátù? Ṣé ẹ ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ìwà ìbàjẹ́?"

Jọ́ọ̀jì ní, "Ṣùgbọ́n ìyàwó tèmi ń pè mí ní George lójú gbogbo ayé."

"Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, kíláàsì kan náà lẹ jọ jókòó sí."

Jẹ́síkà nínú fóònù ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní, "Mọ́mì mi ń pe dádì mi ní Dádì. Mi ò rò ó débẹ̀. Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ gbà á, ẹ gbà á, mo fi òdo lé e lórí." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kúbúrátù ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú apá ẹnu tó lè rín.

Èmi ló yẹ kí n fi ọwọ́ bo ojú. Láti ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń gbọ́ Akọ̀wé nínú ilé yìí bí ẹni ń gbọ́ ìró adìẹ. Ká ní mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú kan ni ǹ bá fi mọ̀ ọ́n. Àgídí mi ló lé mi sóko, àgídí mi ló pa ìwé dé. Èmi náà ló sì yan àwòrán. Ògiri mi, àwọn èèyàn mi. Mi ò mú ọ̀kan nínú àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n bí i, mi ò mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó bí. Mo kó ẹni mẹ́fà tí kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ wọn jọ síwájú rẹ̀, mo ní kó pè wọ́n.

Mo wá ní, "Èmi ńkọ́? Kí ló sọ nígbà tó kàn mí?"

Jọ́ọ̀jì wo ìwé. "Wọn ò sọ nǹkan kan, Bàbá. Wọ́n fa gèlè bojú."

Mọ́ṣádé àti Kúbúrátù wo ara wọn. Mọ́ṣádé ní, "Tiyín wà. Àwa ìyàwó ilé mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohun tí à ń sọ lójú yín, ká má tíì wá sọ pé lójú Bọ̀dá Jọ́ọ̀jì."

"Ṣé orúkọ tó dáa ni?"

"Baálé, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé oúnjẹ."

Àlàmísì, 22 oṣù Karùn-ún

Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Jẹ́síkà ní kí a fi ẹ̀gbọ́n Kúbúrátù tó wà n'Íjẹ̀bú-Igbó kún un, kí a fi Zakariyah àti Hafeezah, àwọn ọmọ rẹ̀, kún un, àti Mọ́ṣádé. Mọ́ṣádé ló di fóònù mú. Wọ́n ti èmi àti Jọ́ọ̀jì jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Jọ́ọ̀jì ń ráhùn pé yàrá òun ni.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá!

Mo gba fóònù. Mo ní, "Ṣé ó mọ̀ mí?"

Jẹ́síkà ní, "Wọ́n mọ̀ yín, Bàbá. Wọ́n pè yín, ó sì ṣe kedere ju gbogbo ìyókù lọ."

"Kí ló pè mí?"

"Bàbá, Ìyá ni mò ń tọ́jú. Ohun tí wọ́n bá bá mi sọ, mi ò lè tú u fún ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn? Èmi ni ẹlòmíràn?"

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀la rẹ̀ á dára, ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó burú.

Sátidé, 24 oṣù Karùn-ún

Zakariyah kò yọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ó ní, "Bàbá, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ Bọ̀dá Zayd kò ní kí wọ́n lè ké 'Ẹ gbà mí' bí ẹ bá wà lóko tí wọ́n ṣubú. Lẹ́yìn Iléyá, mò ń bọ̀."

Òótọ́ ni. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní bí ó bá gbé e, kó gbé èmi náà.

"Ẹ̀yin? Ẹ ò lè sun oorun ọjọ́ méjì l'Ékòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti wá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti sá."

Àlàmísì, 29 oṣù Karùn-ún

"Iyọ̀ pọ̀." Ọ̀rọ̀ méjì tó so mọ́ ara wọn! Èmi ni mo se ọbẹ̀ náà. Iyọ̀ pọ̀ lóòótọ́.

Àtàláátà, 3 oṣù Kẹfà

Mo ń rojọ́ Zakariyah fún Jẹ́síkà. Mo ní ta ló fún un lágbára, ilé ta ni, ìyàwó ta ni. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Bàbá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ti bi Ìyá léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wà?"

Mo ní kò yẹ ká bi í, mo mọ̀ ọ́n.

"Bí ẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò mọ̀ yín?"

Mo gbé fóònù fún Jọ́ọ̀jì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń lọ tí mò ń bọ̀ láàárín pálọ̀ àti àgbàlá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Kúbúrátù lẹ́ẹ̀mẹrin. L'Ékòó, iná wà, omi wà, dókítà wà lójúlé kejì, ọmọ rẹ̀ wà, ọmọ ọmọ wà. Níbí, èmi ni mo wà. Bí mo bá bi í, tó bá ní Èkó ńkọ́? Mi ò bi í.

Jímọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. Èmi àti Zayd la pawọ́ pọ̀ ra àgbò kan. Àgbò ọdún yìí wọ́n, ìwo nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò lọ́jà. Kúbúrátù jókòó sórí àpótí, ó ń na ọwọ́ òsì, ó ń pín ẹran: "Akọ̀wé." "Mọ́ṣádé." "Jọ́ọ̀jì." Tí ẹnìkan bá fẹ́ mú ju tirẹ̀ lọ: "Rárá." Nígbà tó kàn mí, ó kàn tì í sọ́dọ̀ mi.

Àìkú, 8 oṣù Kẹfà

Zakariyah dé ní ìrọ̀lẹ́. Ojúde Ọba ló dá a dúró, wọ́n ti dí ọ̀nà nítorí ẹṣin. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó gbé ẹrù wọlé, mo sì rí i pé àpò ńlá tó gbé wọlé ṣófo. Aṣọ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kó sí i.

Mo ti ṣèlérí fún Jẹ́síkà pé a ó bi Kúbúrátù léèrè. Ó wà nínú fóònù, Jọ́ọ̀jì gbé e ti ife lórí tábìlì. Zayd wà níbẹ̀, Mọ́ṣádé wà níbẹ̀. Zakariyah kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ tó wúwo náà mú.

"Ìyá, ẹ ó bá mi lọ? Ilé tí mò ń gbé tó yín gbé. Hafeezah á máa wá wò yín lójoojúmọ́. Ẹ ó bá mi lọ, àbí ẹ ó jókòó?"

Ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Gbogbo wa ń wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi. Ení. Èjì. Mo rí òógùn níwájú orí rẹ̀. Ẹ̀ta. Mo rí i tí ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, tí kò rí i. Mi ò lè fara dà á.

Mo ní, "Ìyá rẹ kò lọ síbì kan! Ilé rẹ̀ nìyí, ọdún mẹ́rìnlélógójì, ìwọ—"

Kúbúrátù gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Ẹ dákẹ́."

Èmi ló bá wí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí níwájú èèyàn. Mọ́ṣádé fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo dákẹ́.

Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìka rẹ̀ ń lu itan. A dúró. Jọ́ọ̀jì ní òun kà á dé ogún.

"Zaka. Ilé mi... ilé mi rèé."

Zakariyah ní, "Ìyá—"

Ó tún gbé ọwọ́ sókè, kò tíì parí. Ó kùn, ó kùn. "Ìwọ... máa wá."

Zakariyah gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógójì, ó sunkún bí ọjọ́ tí a já a lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn èyí ó dìde, ó nu ojú, ó ní òun yóò máa wá ní Jímọ̀ méjìméjì, pé ẹ̀kọ́ yóò máa lọ bó ṣe ń lọ, pé mi ò gbọ́dọ̀ fi ìyá òun nìkan sílẹ̀ lọ sóko mọ́ àfi bí ẹnìkan bá wà nílé. Mo gbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn mọ́."

Jẹ́síkà ní nínú fóònù, "Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Zakariyah gbé àpò rẹ̀ padà lọ pẹ̀lú ẹran Iléyá àti gàrí.

Àlàrúbà, 11 oṣù Kẹfà

Jọ́ọ̀jì lọ sí Abẹ́òkúta láti àárọ̀, wọ́n ní kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá fojú hàn kí ìjọba lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Èmi àti Kúbúrátù nìkan la wà nílé. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń di igi ìdáná, òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó pè mí. Kì í ṣe "ẹ gbọ́," kì í ṣe "Bàbá Zaka." Ọ̀rọ̀ kan ni, gígùn, ó ya, ó sì so padà láàárín, ṣùgbọ́n ó parí. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo mọ̀ pé èmi ni.

Mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Mi ò dáhùn, kó lè tún un pè. Ó tún un pè, pẹ̀lú ìbínú.

Jọ́ọ̀jì ti dé báyìí, ìjọba ti gbà pé ó wà láàyè. Ó ṣí ìwé, ó gbé bírò, ó ní kí n sọ orúkọ náà kí òun kọ ọ́ fún Jẹ́síkà. Mo ní kó kọ ọ́ pé ewúrẹ́ wọ ilé ìdáná lónìí, a sì lé e jáde.